Láti Bárékè sí Iléeṣẹ́ Okòwò: Ohun tí MBA ń Ṣe fún Sójà Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá lónìí ló ní ọmọ tàbí ìbátan tó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Àwọn kan wọ̀ ọ́ nítorí ìwé ìgbélùú, àwọn kan nítorí owó ilé ìwé, àwọn mìíràn sì rèé, iṣẹ́ náà ló kàn wù wọ́n. Láti ọdún 2009 títí di 2016, ológun Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó ń gba àwọn àjèjì tí kò tíì ní green card, bí wọ́n bá jẹ́ oníṣègùn tàbí bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ológun ń wá. Yorùbá wà nínú àwọn èdè náà. Ọmọ tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ dé Houston tàbí Maryland lè tipa bẹ́ẹ̀ fi èdè ìyá rẹ̀ wọ kaki.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ọmọ yìí á wá pe ilé pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, òun fẹ́ lọ ka MBA kí òun lè ríṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní Abẹ́òkúta á ní, "Ṣé o ò tíì kàwé tó ni? Ta ní í fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì?" Màmá á rọra béèrè bóyá wọ́n lé e ni. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Dallas á ní kó kúkú wá ṣe síkiọ́rítì, ó ṣáà mọ ìbọn yìn.

Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà yìí ti pẹ́, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, owó sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ìwé ló ń lọ kà. Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní tó tóbi jù ni ọdún méjì tó máa fi wà níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń wá ènìyàn.

Kí ni MBA?

MBA ni oyè kejì nínú ìṣàkóso okòwò. Ilé ẹ̀kọ́ okòwò Harvard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, ló kọ́kọ́ gbé ètò náà kalẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á lójoojúmọ́ yóò lo ọdún méjì: ìṣirò owó, bí a ṣe ń wá owó fún iléeṣẹ́, bí a ṣe ń polówó ọjà, bí ẹrù ṣe ń kúrò nílé ìpèsè dé ọwọ́ oníbàárà, àti bí a ṣe ń darí ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń kà nírọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀ wà fún ẹni tí kò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Executive MBA wà fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, irú bíi kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti lo ogún ọdún.

Ohun kan mú un yàtọ̀ sí M.Sc. tí a mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ MBA tó lórúkọ kì í sábà fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tó ti rí ìṣòro, tó sì ní ìtàn tí yóò sọ nínú kíláàsì. Ọdún tí sójà lò nínú kaki jẹ́ ìrírí iṣẹ́ lójú wọn, gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ẹlòmíràn lò ní báńkì. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí, wọ́n rò pé ọmọ náà ń padà sẹ́yìn ni.

Kò sí ọkọ̀ tó ń ti bárékè já sí ọ́fíìsì àwọn iléeṣẹ́ ńlá tààrà. Bí ẹni tó ń ti Ṣàgámù bọ̀ tó fẹ́ dé Àjáh ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní Berger kó tó wọ ọkọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni MBA rí fún sójà. Ẹni tó bá dé gáréèjì tí kò mọ ọkọ̀ tó kàn, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú u sí.

Ibi tí owó náà ti wá

Ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé ìwé sójà, àwọn kan sì máa ń pè é ní sàráà. Kì í ṣe sàráà rárá. Àbájáde ìjà ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà ṣèlérí owó kan fún àwọn tó jagun, ṣùgbọ́n ọdún 1945 ni wọ́n dá fún sísan rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ebi pa àwọn ológun àtijọ́ wọ̀nyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kó ìyàwó àtọmọ wá pàgọ́ sí Washington ní 1932, wọ́n ní kí ìjọba san owó àwọn. Ní July 28 ọdún náà, Ààrẹ Hoover rán sójà sí wọn. Douglas MacArthur ló ṣáájú, wọ́n fi tajútajú lé wọn, wọ́n sì sun àgọ́ wọn. Sójà ń lé sójà àná ní olú ìlú: ìtìjú yẹn kò kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ogun kejì ń lọ sópin, tí àwọn tó wọ kaki sì tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rù ba àwọn aṣòfin. Harry Colmery, lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní American Legion, ló kọ àkọ́kọ́ ohun tó wá di òfin. Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí i ní June 22, 1944. GI Bill ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ń san tó 500 dọ́là lọ́dún fún owó ilé ìwé, èyí tó tó san ti Harvard pàápàá nígbà náà, ó sì ń fún ẹni tí kò ní ìyàwó ní 50 dọ́là lóṣù láti fi jẹun. Nígbà tó fi máa di 1947, bí ìdajì àwọn tó ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ẹni tó ti ogun dé. Ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò Harvard, àwọn tó jáde ní 1949, tí púpọ̀ jù nínú wọn ti wọ kaki, di olówó àti ọ̀gá iléeṣẹ́ débi pé ìwé ìròyìn *Fortune* sọ wọ́n ní kíláàsì tí dọ́là rọ̀ lé lórí.

Dọ́là náà kò rọ̀ lé gbogbo orí bákan náà o. Aláwọ̀ dúdú tó jà ní Yúróòpù dé ilé, ó bá a pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà kò ní gbà á wọlé, báńkì kò sì ní yá a lówó ilé, òfin ì báà sọ ohun tó bá wù ú. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú kún àkúnya, wọ́n ń dá ènìyàn padà nítorí àyè kò sí. Ó yẹ kí àwa tí ọmọ wa ń jẹ ẹ̀tọ́ náà lónìí rántí ìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ lónìí

Èyí tí sójà òde òní ń lò ni Post-9/11 GI Bill. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1, 2009. Ẹni tó bá ti sìn fún oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó sìn fún 90 ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 50 nínú 100. Oṣù 36 náà ni wọ́n ń fúnni láti fi kàwé, ìyẹn ọdún ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí a bá ka oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan.

Bí ilé ìwé bá jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, òfin náà ń san gbogbo owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ máa ń san. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ó ní ibi tó ń dúró sí: bí 30,000 dọ́là lọ́dún. Owó ilé ìwé MBA ní Harvard sì ti ju 70,000 lọ. Níbi yìí ni àwọn kan ti ń sọ̀rètí nù, láìmọ̀ pé ètò kejì wà tó ń jẹ́ Yellow Ribbon. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá wọ ètò yìí á gbà láti dín nínú owó tó ṣẹ́ kù, ìjọba á sì san iye kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní 40,000 ló ṣẹ́ kù. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbé 20,000 kúrò, ìjọba á gbé 20,000 yòókù, ọmọ náà kò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ló ń pinnu iye tí òun máa gbé àti iye ènìyàn tí òun máa gbé e fún. Àwọn kan ń gbé gbogbo rẹ̀ fún gbogbo ológun tó bá wọlé, àwọn kan ń fún ènìyàn díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí sójà bi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nìyẹn, kó tó béèrè ohunkóhun nípa ọgbà tó rẹwà.

Owó ilé gbígbé tún wà. Iye tí wọ́n ń san fún sájẹ́ǹtì onípò E-5 tó ní ìdílé ni wọ́n ń san fún gbogbo ènìyàn, ì báà jẹ́ kọ́pírà tàbí mejọ̀. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà ló ń pinnu iye rẹ̀, torí náà ẹni tó ń kàwé ní New York ń gbà ju ẹni tó wà ní ìlú kékeré lọ. Owó ìwé tó 1,000 dọ́là lọ́dún. Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn olórí ìdílé sùn dáadáa ni pé owó ilé yìí kì í wọlé nígbà tí ilé ìwé bá ti pa. Ooru dé, kíláàsì kò sí, onílé kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n máa ń pa oṣù 36 yẹn mọ́ fún MBA. Ẹni tó wọ iṣẹ́ ológun láìní oyè kìíní lè lo Tuition Assistance láti fi kà á nígbà tó ṣì wà nínú kaki. Ìyẹn ń san tó 250 dọ́là fún wákàtí ẹ̀kọ́ kan. Bó bá lo GI Bill tán lórí oyè kìíní, àpò ara rẹ̀ tàbí ẹ̀yáwó ni yóò fi ka ìkejì.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn ilé ìwé oníṣòwò tó ń sáré tẹ̀lé sójà. Òfin Amẹ́ríkà ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ju ìdá 90 nínú 100 owó rẹ̀ lọ́wọ́ ètò ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í ka GI Bill mọ́ owó yẹn. Sójà kan tó bá wọlé, àyè á ṣí fún wọn láti gba owó ìjọba sí i lórí ẹlòmíràn. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Ọdún 2021 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ilé ìwé tó bá ń lé ènìyàn kiri báyìí, ẹ jẹ́ ká fura sí i.

Ṣé àwọn ọ̀gá nìkan ló wà fún?

Òótọ́ ni pé àwọn ọ́físà pọ̀ jù nínú àwọn ológun tó ń ka MBA ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ jù, nítorí pé gbogbo wọn ló ti ní oyè kìíní. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí sájẹ́ǹtì má wọlé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tilẹ̀ ní ipò àrà ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wọn ti gba B.Sc. wá láti ilé. Wọn kò di ọ́físà nítorí pé wọn kò tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n wọlé. Army máa ń torí oyè yẹn fún wọn ní ipò E-4, tí wọ́n ń pè ní Specialist. B.Sc. Èkó tàbí ti Ìlọrin náà ni wọ́n máa fi wọ ilé ẹ̀kọ́ MBA, bí iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò bá ti fọwọ́ sí i.

Àṣìlóye kejì ni pé sójà kò mọ̀ ju kí wọ́n pàṣẹ kó sì ṣe é. Lẹ́fútẹ́náǹtì ọmọ ọdún 23 ló máa ń gba ọgbọ̀n tàbí ogójì ènìyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó dé. Nínú wọn ni ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, ẹni tó jẹ gbèsè ọkọ̀, ẹni tó dàgbà jù ú lọ tí kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni kò ní gbé ènìyàn mẹ́wàá fún ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Ohun tó le jù: sísọ iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò wọ kaki rí

Bí ẹ bá bi mí, owó kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ sójà dúró, ìdánwò náà kọ́. CV wọn ni. Ẹ jẹ́ ká wo sájẹ́ǹtì kan tó ń tọ́jú ẹrù nínú kọ́ḿpìnì rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé òun jẹ́ Supply Sergeant fún HHC, pé òun mójú tó ẹrù MTOE, àti pé FLIPL kankan kò ṣẹlẹ̀ lásìkò òun. Ọ̀gá rẹ̀ nínú bárékè á ka èyí, á mi orí, torí FLIPL ni ìwádìí tí wọ́n ń ṣe bí ẹrù ìjọba bá sọnù, láti mọ ẹni tó máa san án. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ CV wò ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní mọ ohun tó ń wí, á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun kan náà rèé bó ṣe yẹ kó kọ ọ́: ẹrù tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là wà lọ́wọ́ mi, ènìyàn 130 ló ń lò ó, mo tún bí a ṣe ń kà á lóṣooṣù tò, ohun tó ń gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta di ti ọjọ́ kan, láàárín ọdún méjì kò sí ohun kan tó sọnù. Kò parọ́, kò sì fi kún un. Ó kàn sọ iye, ó sọ ohun tó yí padà, ó sì sọ pé òun ló yí i padà.

"Mo" yẹn gan-an ló ń há wọn lọ́fun. Ológun kọ́ wọn láti máa wí pé "a". Ilé Yorùbá ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀kọ́ méjèèjì jókòó síwájú ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n bi í pé kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe, ó ní, "Àwa ọmọ kọ́ḿpìnì wa gbìyànjú." Ìdáhùn dáadáa ni lójú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀rí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kọ́múńdà mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ìgbéga, níbi tí sójà kọ̀ọ̀kan ti máa ń jẹ́ ẹni tó dára jù lọ nínú bàtálíọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ìtàn kan pàtó. Sójà gbọ́dọ̀ lọ jókòó tì í, kó rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Bí ọdún náà ṣe ń tò

Ó dára kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan àtààbọ̀ kó tó bọ́ kaki. Ìdánwò GMAT tàbí GRE ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. GMAT ti òde òní kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì máa ń yọ̀ǹda ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ológun, bó bá béèrè. Fọ́ọ̀mù ìpele kìíní máa ń wọlé ní September, ìkejì ní January, ẹ̀kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ ní August tàbí September tó tẹ̀ lé e. Nínú oṣù mẹ́fà ìkẹyìn, kọ́múńdà lè jẹ́ kí sójà lo SkillBridge: á lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni fún ìgbà tí kò ju 180 ọjọ́ lọ, owó oṣù ológun á sì máa wọlé.

Nígbà tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe tètè ń dé. Kò tíì mọ ojú ọ̀nà kíláàsì tán, àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn ti ń ṣe àpèjẹ nínú ọgbà, wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n máa gbà fún iṣẹ́ ìgbà ooru. Iṣẹ́ ìgbà ooru yẹn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ni ojú ọ̀nà gan-an. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ràn ohun tó rí á ní kó padà wá lẹ́yìn tó bá ṣetán. Owó rẹ̀ náà ló sì ń dí àlàfo tí owó ilé gbígbé fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó wà ní ọdún kejì máa ń jókòó ti àwọn tuntun, wọ́n á máa bi wọ́n ní ìbéèrè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò títí "a" á fi di "mo".

Ohun tí oyè náà kò lè ṣe

Kò lè sọ ènìyàn di ọ̀gá àgbà lọ́gán. Robert McDonald jáde ní West Point ní 1975, ó gba MBA ní Yunifásítì Utah ní 1978 nígbà tó ṣì jẹ́ ológun, ó wọ Procter & Gamble ní 1980. Ọdún 2009 ló tó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ìyẹn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Frederick Smith tó dá FedEx sílẹ̀ ti ogun Vietnam dé, kò sì ka MBA kankan. Kápútéènì tó ti ń pàṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè rí i pé ọmọ ọdún 27 lòun ń jábọ̀ fún, pé òun kò ní ẹnì kan lábẹ́ òun, pé tábìlì àti kọ̀ǹpútà nìkan lòun ní. Àwọn kan kò lè fara dà á, wọ́n á fiṣẹ́ náà sílẹ̀ láàárín ọdún méjì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ padà wá ṣòwò nílé yẹ kó mọ̀ pé ètò tiwa yàtọ̀. Àwọn sójà Nàìjíríà tó ń lọ sí ìfẹ̀yìntì máa ń lọ sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ológun ní Òṣòdì fún oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kéékèèké ni wọ́n sì ń kọ́ jù níbẹ̀. Ó wúlò fún ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà sí iléeṣẹ́ ńlá.

Ìwé méjì tí kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́

Èkíní ni DD-214, ìwé ìjáde. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ nípa irú ìjáde náà ló ń pinnu. Ẹni tí wọ́n kọ "honorable" fún ló ní ẹ̀tọ́ sí GI Bill. Èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "general", lè dà bí ohun kan náà létí, ṣùgbọ́n kò ní san owó ilé ìwé.

Ìkejì ni ìwé tí sójà fi ń gbé ẹ̀tọ́ náà fún ìyàwó tàbí ọmọ, bí kò bá ní í lò ó fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti sìn fún ọdún mẹ́fà, kó sì gbà láti sin mẹ́rin sí i. Inú kaki nìkan ni wọ́n ti ń kọ ìwé yìí. Bó bá ti gba DD-214 lọ́wọ́ láìkọ ọ́, ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ló rántí, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.